Kì Í Ṣe Obìnrin Ni Mo Fi Pamọ́ sí Olódì

Mi ò ní àlè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kó kúrò nílẹ̀, torí ohun tí ìyàwó mi gbà gbọ́ nìyẹn báyìí, ohun tí gbogbo àdúgbò sì máa gbà gbọ́ nìyẹn láìpẹ́... Mi ò ní àlè, mi ò bímọ síta, mi ò tíì fọwọ́ kan obìnrin mìíràn láti ọjọ́ tí mo ti gbé ìyá Dáre ọmọ mi níyàwó. Àmọ́ mo ti ń purọ́ fún un láti bí ọdún mẹ́sàn-án, mo purọ́ níwájú pẹpẹ, mo sì tún purọ́ tuntun lé e lórí ní Sunday tó kọjá yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ojú ìwé yìí, èmi náà máa ń kà á o. Mo máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, màá ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì, màá mi orí pé báwo ni àgbàlagbà ṣe máa kó ara ẹ̀ sí irú wàhálà báyìí. Ó ti wá kàn mí. Ó rẹ̀ mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹ fara balẹ̀ ka tèmi, kẹ́ ẹ sì bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ fíríìjì ni mo kọ́. Kì í ṣe fíríìjì inú ilé nìkan, cold room inú ọkọ̀ ojú omi gan-an, ibi tí wọ́n ń kó ẹran àti ẹja dídì sí, òun ni mo fi ń jẹun ní wharf Àpápá láàárín àwọn eighties. Ajégúnlẹ̀ là ń gbé nígbà yẹn, ibẹ̀ náà la ṣì wà, yàrá méjì nínú ilé face-me-I-face-you. A ò tíì bímọ. Ìyàwó mi ń rán aṣọ àwọn ọmọdé lẹ́nu ọ̀nà, yunifọ́ọ̀mù, aṣọ ọdún, aṣọ ìsàmì. Ayé wa ò burú.

Ọkọ̀ ojú omi kan wá dúró sí Àpápá, ẹjọ́ wà lórí ẹ̀, wọn ò jẹ́ kó kúrò, ó lé ní oṣù mẹ́wàá tó fi wà níbẹ̀. Èmi ni wọ́n máa ń pè láti tún cold room wọn ṣe. Ẹ́ńjíníà àgbà inú ọkọ̀ náà, ará Philippines ni, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Chief ni gbogbo wa ń pè é. Ọjọ́ kan ló ní kí n wá wo air condition inú yàrá òun. Bí mo ṣe wọlé ni mo rí àpótí gíláàsì kan lórí tábìlì, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ méjì, iná aláwọ̀ aró ń tàn lórí ẹ̀, omi kún inú ẹ̀. Mo wá ẹja títí, mi ò rí ẹja kankan. Òkúta ló wà níbẹ̀, àwọn nǹkan kan sì hù lára òkúta náà, mo rò pé òdòdó ni. Ọ̀kan dà bí olú, ọ̀kan ní ìka wẹ́wẹ́ bí ìka ọmọ tuntun, ó ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń ṣí, ó ń pa dé... Mo bi í pé òdòdó wo rèé? Ó ní kì í ṣe òdòdó, ohun abẹ̀mí ni, ẹran inú òkun ni, coral. Ìbátan iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn ni, àmọ́ ìyẹn ti kú, ó ti gbẹ, wọ́n ti lu ihò sí i. Èyí wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń dàgbà, ó sì ń bí sí i. Mo ní ẹja wá ńkọ́? Ó ní òun kì í fi ẹja sí i, àpótí náà kéré, ẹja á yàgbẹ́ sínú omi, ẹja mìíràn tiẹ̀ máa ń bù wọ́n jẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun nìkan ti tó ẹni tó ń da yàrá yẹn rú.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti ṣe iṣẹ́ mi tán, màá lọ jókòó síbẹ̀. Ẹ má bi mí ìdí ẹ̀. Gbogbo ibi tí mo ń dé láyé mi, ariwo ni, ariwo wharf, ariwo ilé, ariwo ṣọ́ọ̀ṣì... ibẹ̀ nìkan ni nǹkan ti ń lọ ní jẹ́jẹ́. Nígbà tí àwọn tó ni ọkọ̀ wá fẹ́ fi bàálù dá àwọn òṣìṣẹ́ inú ẹ̀ padà sílé, Chief pè mí, ó ní èmi tí mo mọ̀ nípa òtútù àti ooru, èmi nìkan lòun lè fi í lé lọ́wọ́. Ó kọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ tó fẹ́ lọ, kò wo ojú mi, ó kàn na ọwọ́ sí mi, ó yí padà. Mo fi ọmọlanke gbé àpótí náà láti wharf dé Ajégúnlẹ̀, mo kó àwọn òkúta sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo pọn omi òkun sí, mo fi aṣọ bò ó.

Ẹ ò mọ ìyà tó wà nínú ẹ̀. Omi ẹ̀rọ ò ṣeé lò, omi ọ̀sà Àpápá kún fún epo ọkọ̀, àfi omi òkun tó mọ́. Gbogbo Saturday ni mo máa ń lọ bá bàbá Ìlàjẹ kan ní Snake Island, á fi ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì gbé mi jáde síbi tí òkun ti ṣí gbayawu, màá bu kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà, tí mo bá délé màá fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Ooru Èkó tún wà níbẹ̀, tí omi bá ti gbóná jù, wọ́n á funfun, wọ́n á kú. Mo fi compressor fíríìjì àlòkù ṣe ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù, mo ki páìpù bàbà bọ inú omi bí mo ṣe máa ń ṣe fún fíríìjì... Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ìlàjì wọn ti kú. Mi ò mọ̀ pé májèlé ni bàbà jẹ́ fún wọn, Chief ò rántí sọ ọ́. Mo yọ ọ́, mo fi páìpù oníke rọ́pò ẹ̀, mo pààrọ̀ gbogbo omi, mo bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń bẹ èèyàn. Tí iná bá sì lọ, ẹ̀rọ tó ń da omi kiri á dákẹ́, màá jókòó tì í, màá máa fi ife bu omi, màá máa dà á padà láti òkè, bù, dà, bù, dà, títí iná á fi dé tàbí títí apá mi á fi kú. Ó pẹ́ kí n tó rí pọ́ǹpù kékeré kan tó ń lo bátìrì mọ́tò.

Nínú ilé wa, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn ń béèrè: ẹja dà? Ká ní ẹja wà níbẹ̀ ni, ì bá yé wọn. Àwọn olówó tó wà ní GRA ń sin ẹja sí pálọ̀ wọn, ẹwà ilé ni. Àmọ́ omi iyọ̀, òkúta, iná aró, ohun kan tí kò lójú, tí kò nímú, tó ń ṣí, tó ń pa dé... kí lò ń sìn gan-an? Ìyàwó mi kọ́ ló kọ́kọ́ fura sí i o. Òun tiẹ̀ máa ń gbé iṣẹ́ ẹ̀ jókòó tì í. Ó máa ń pe èyí tó dà bí olú ní Fìlà. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ní Fìlà ò jí dáadáa lónìí o, ẹ lọ wò ó bóyá omi ẹ̀ ti gbóná. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìgbà kan wà tó rí bẹ́ẹ̀.

Oyún àkọ́kọ́ bàjẹ́ ní oṣù mẹ́ta. Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, ká má bẹ̀rù. Ìyá ìyàwó mi wá láti Ìjẹ̀bú láti wá tọ́jú ọmọ ẹ̀. Bó ṣe gbé àpò sílẹ̀ báyìí ló dúró níwájú àpótí gíláàsì, kò jókòó, kò mu omi, ó ní, "Àna mi, ẹja inú ẹ̀ dà?" Mo ní kò sí ẹja nínú ẹ̀, Mà. Ó wò mí, ó wo ọmọ ẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún mi mọ́ títí ó fi padà lọ. Ohun tó bá ọmọ ẹ̀ sọ, mi ò sí níbẹ̀.

Oyún kejì pé oṣù márùn-ún, ó ti ń yí nínú. Saturday kan ni. Láàárọ̀ yẹn mo rí ohun tí mi ò rí rí: lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fìlà, kékeré kan ti hù, kò ju hóró àgbàdo lọ. Ó ti bímọ! Lẹ́yìn gbogbo èyí tí bàbà pa, ó bímọ nínú ilé mi ní Ajégúnlẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun láti àná, bóyá kí n má lọ sódò lónìí. Mo ní mi ò ní pẹ́, kí n kàn sáré lọ bu omi kí n sì padà wá. Òjò ti rọ̀, omi tó wà nítòsí dàrú, mo ní kí bàbá Ìlàjẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú. A tẹ̀ síwájú. Mo ní ká tún tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí i... Ìgbà tí mo fi délé, oòrùn ti ń yẹ̀ sí apá kejì. Ilẹ̀kùn yàrá wa ṣí sílẹ̀, wọ́n ti fọ ilẹ̀, ilẹ̀ ṣì tutù. Mama Ngozi tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tiwa jáde, ó dúró, ó wò mí tìyanu-tìyanu: "Oga, where you dey since? We don carry your wife go hospital. She dey call you, she dey call you."

Ọmọkùnrin ni. Kò yè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìyàwó mi ò pe Fìlà mọ́. Ó gbé máṣìnì ẹ̀ jáde sí kọ́ridọ̀, kò jókòó nínú yàrá yẹn mọ́. Kò tíì bi mí títí dòní pé níbo ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, torí ó mọ̀. Pásítọ̀ wa pè mí, ó ní òun ò sọ pé mò ń bọ nǹkan kan o, òun kàn fẹ́ béèrè, kí ló dé tí kò fi sí ẹja nínú ẹ̀? Mo ṣàlàyé títí, mò ń sọ ti omi, mò ń sọ ti ìgbẹ́ ẹja, àlàyé náà ò yé èmi fúnra mi mọ́. Ìyàwó mi wá bẹ̀ mí, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, pé kí n ṣáà fi ẹja kan ṣoṣo sí i, kí ẹnu ayé lè pa dé. Mo gbà. Bàbá Ìlàjẹ bá mi mú kékeré kan, ó rẹwà, ó ní ìlà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko, gbogbo ilé ń wá wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi tiẹ̀ jẹun dáadáa. Ní ọjọ́ kẹta mo rí ẹja náà tó ń já àwọn ìka wẹ́wẹ́ yẹn jẹ, gbogbo wọn ti ká jọ, wọn ò ṣí mọ́. Mo yọ ẹja náà, mo lọ dá a padà sínú òkun. Ìyàwó mi wọlé, ó wo àpótí, ó wò mí... Kò bá mi jà. Ó kàn lọ sọ fún àwọn alàgbà pé òun ò lè gbé pẹ̀lú nǹkan yẹn mọ́.

Wọ́n pè mí síwájú pẹpẹ ní ọjọ́ Sunday, gbogbo ìjọ dìde dúró, mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì, mo ní màá fọ́ ọ, màá sì pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ run kó tó di Sunday tó ń bọ̀. Mo fẹ́ ṣe é o, ẹ gbà mí gbọ́, tọkàntọkàn ni mo fi búra. Nígbà tó di Thursday mo gbé òòlù, mo dúró níwájú wọn, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń pa dé... Mi ò lè ṣe é. Ọjọ́ kejì mo lọ gba yàrá kan ní Olódì, lẹ́yìn ilé kan nítòsí ọjà. Nígbà tí ìyàwó mi lọ kó iṣẹ́ fún oníbàárà, mo kó wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbé wọn lọ. Saturday, níwájú ìyàwó mi, níwájú alàgbà méjì tí pásítọ̀ rán wá, mo gbé àpótí gíláàsì jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Òkúta lásán tí mo ṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ìjọra ló wà nínú ẹ̀, mo sì ti fi aṣọ bò ó kí ìyàwó mi má bàa wò ó fínnífínní. Mo fi òòlù fọ́ ọ. Omi yẹn ya, ó ṣàn wọ gọ́tà, àwọn obìnrin ilé ń pariwo Halelúyà, wọ́n ń gbá gíláàsì. Ìyàwó mi dì mọ́ mi, ó sunkún sí mi lọ́rùn, ó ní, "Ẹ ṣé, olówó orí mi. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ fi tèmi ṣáájú."

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló lóyún. Oyún náà dúró. Ó bí Dáre. Olúwadáre ló sọ ọ́, òun fúnra ẹ̀ ló mú orúkọ náà. Lọ́dọọdún, Sunday tó bá sún mọ́ ọjọ́ ìbí ọmọ náà, ìyàwó mi máa ń jáde jẹ́rìí: pé ọkọ òun ń tọ́jú ohun àjèjì sínú ilé láìmọ̀, pé Ọlọ́run là á lójú, pé ọjọ́ tó fọ́ ọ ni Ọlọ́run ṣí inú òun. Á ní kí n dìde. Màá dìde. Ìjọ á pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó ti di ìgbà méje báyìí tí mo ń dìde gba àtẹ́wọ́ yẹn, tí mo sì mọ̀ pé ó lóyún, ó bí, ó tọ́ ọmọ náà dàgbà, nígbà tí nǹkan yẹn wà láàyè ní Olódì, tí èmi fúnra mi ń fi ọwọ́ yìí bọ́ ọ, tí mo sì ń fi ọwọ́ kan náà gbé ọmọ.

Ẹ lè rò pé mò ń gbádùn ẹ̀. Mi ò gbádùn nǹkan kan mọ́. Iṣẹ́ wharf ti bọ́, ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ti ń tún fíríìjì ṣe báyìí. Tí mo bá pa ṣọ́ọ̀bù dé ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sílé, èmi ń lọ sí Olódì, màá ní kọ́sítọ́mà kan pè mí ní GRA. Saturday, màá ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ni. Irọ́ yẹn ti pọ̀ débi pé mi ò ronú kí n tó pa á mọ́, ó kàn ń jáde. Ẹ̀yìn mi ń dùn mí, kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ti di mẹ́rin, mẹ́rin ti di mẹ́ta. Wọ́n sì ń pọ̀ sí i, ẹ̀yin èèyàn! Wọ́n ti kún àpótí tuntun tí mo ṣe, wọ́n ti ń gun ara wọn. Tí iná bá lọ nígbà tí èmi àti ọmọ mi ń jẹun, ọkàn mi á ti kúrò nídìí oúnjẹ, màá máa ṣírò bátìrì yẹn nínú, ọmọ á pè mí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. Nígbà mìíràn mo máa ń dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá yẹn, màá gbàdúrà pé kí n bá gbogbo wọn lókùú kí ọ̀rọ̀ yìí lè tán. Màá ṣílẹ̀kùn, wọ́n wà láàyè. Inú mi á sì dùn. Kí ló ń ṣe èèyàn tó bá rí báyìí? Ṣé aṣiwèrè ni?

Oṣù tó kọjá, ìyàwó mi lọ ra bọ́tìnì àti òwú ní ọjà Olódì. Ó rí mi lókèèrè tí mo gbé kẹ́ẹ̀gì wọ ilé kan. Kò pè mí. Ó dúró títí mo fi jáde, ó wá wọlé lọ bi ìyá tó ń gbé yàrá iwájú. Ìyá yẹn ò mọ nǹkan kan, ohun tó mọ̀ náà ló sọ: pé ó ti pẹ́ tí bàbá yẹn ti gba yàrá yẹn, ojoojúmọ́ ló ń wá, kọ́tìnì kì í ṣí, èèyàn máa ń gbọ́ tí omi ń dà bí ẹni ń wẹ̀, bàbá náà sì máa ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́... pé àwọn ò tíì rí obìnrin náà sójú rí, kì í jáde, bóyá ara ẹ̀ ò yá ni, bóyá ó bímọ ni. Òótọ́ ni, mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi mú un mọ́ra. Mo rí i pé ó ń rù, mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀. Sunday tó kọjá, lẹ́yìn tá a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ní kí Dáre lọ bá àwọn ọmọ Mama Ngozi ṣeré. Ó ń lọ aṣọ. Kò gbé ojú kúrò lára áyọ́ọ̀nù, ó ní, "Baba Dáre, mo ti mọ̀ nípa ti Olódì."

Mo rò pé ó tán. Ẹ wò ó, ara tiẹ̀ tù mí fún ìṣẹ́jú kan, mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ má ṣàlàyé. Mo ti sunkún mi tán. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí fún yín, ọkùnrin sì ń fẹ́ ju ọ̀kan lọ, mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ tì í mọ́lé bí ẹlẹ́wọ̀n. Obìnrin bíi tèmi ni. Kí ló ṣe yín?"

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé obìnrin ló ń sọ. Ó fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó wọ yàrá, ó gbé báàgì kan jáde. Aṣọ Dáre ni, àwọn èyí tó ti kéré sí i, gbogbo èyí tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ rán nígbà tó wà nínú oyún, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn láti ìgbà náà. Ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti lọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n ní méjì méjì, fìlà òtútù, ìbọ̀sẹ̀, àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Tó bá ti bímọ, kó lò ó. Tí kò bá tíì bí, kó tọ́jú ẹ̀. Ọmọ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ ò ju mẹ́rin márùn-ún lọ. Kì í ṣe obìnrin. Mo la ẹnu... ohun tó jáde ni "O ṣé." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀! Mo na ọwọ́, mo gba báàgì. Ó mi orí, ó padà sídìí aṣọ tó ń lọ̀, mo rí i tí omi ojú ẹ̀ bọ́ sórí ṣẹ́ẹ̀tì mi, áyọ́ọ̀nù gba orí ẹ̀ kọjá, ó dún ṣìì. Ó wá ní kí n mú un wá sílé ní Sunday tó máa gbẹ̀yìn oṣù tó ń bọ̀, òun á se oúnjẹ, kí ọmọ lè mọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Pé tí mi ò bá mú un wá, òun fúnra òun á lọ kí i ní Olódì.

Mo ti rò ó sọ́tùn-ún, mo ti rò ó sósì. Tí mo bá dà wọ́n sínú òkun, wọ́n á kú, ìgbì àti iyanrìn á bò wọ́n, òkun tiwa kọ́ ni òkun tiwọn. Mo ti bi òyìnbó méjì ní GRA bóyá wọ́n á gbà wọ́n, ọ̀kan ní ẹja dà, ìkejì ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Mo lè sọ pé obìnrin náà ti kẹ́rù, ó ti lọ sí Kútọ̀nú, kí n gba ẹ̀bi àgbèrè tí mi ò ṣe, kí ìyàwó mi máa dárí jì mí lọ. Ẹ lè má gbà gbọ́, ìyẹn ló rọrùn jù lójú mi. Torí tí mo bá sọ òótọ́ ńkọ́? Ẹ̀rí tó ti ń jẹ́ láti ọdún méje á wó lulẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, tí ọmọ bá ní ibà kékeré báyìí, èmi ló máa wò. Tàbí kó rí i, kó rò ó dáadáa, kó wá yé e pé nǹkan yẹn ò pa ọmọ kankan, torí Dáre wà láàyè... Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Torí tí kì í bá ṣe òun, ta ni ìyàwó mi máa wá mú?

Ohun kan wà tí mo fò lókè yẹn. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè rí. Saturday yẹn, nígbà tí Mama Ngozi ní ìyàwó mi wà ní ọsibítù, kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà wà lórí ọmọlanke lẹ́nu ọ̀nà, oòrùn ń pa wọ́n. Kí n tó sáré, mo kọ́kọ́ gbé wọn wọlé. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ibòji kí omi má bàa gbóná, mo tún bẹ̀rẹ̀ wo ọmọ Fìlà bóyá ó wà dáadáa, kí n tó lọ. Mama Ngozi dúró, ó ń wò mí. Bóyá ó ti sọ fún ìyàwó mi, bóyá kò sọ, mi ò mọ̀. Dókítà ní kò sí ohun tí mo lè ṣe, ọmọ ti lọ kí n tó ti odò dé. Mo ti gbọ́. Àmọ́ ìyàwó mi ń pè mí. Ó ń pè mí, èmi sì ń gbé omi.

Ó ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí mi ò dá jì mí, ó tún fi aṣọ ọmọ ẹ̀ lé e. Èyí tí mo dá, mi ò tíì fẹnu bẹ̀ ẹ́ rí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ̀ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín: tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, èwo lẹ máa fara mọ́ nínú méjèèjì, obìnrin tàbí òkúta inú omi? Ṣé kí n jókòó sọ ọ́ fún un kó tó di ọjọ́ náà, gbogbo ẹ̀, títí kan ti kẹ́ẹ̀gì? Àbí kí n dákẹ́ kó fúnra ẹ̀ ṣílẹ̀kùn? Àbí ẹ rò pé ó ti mọ̀, tó kàn ń dúró kí n sọ ọ́? Ó ti ra adìyẹ. Ó so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń fún un lágbàdo, ó ní àlejò òun ò gbọdọ̀ jẹ adìyẹ tó rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn.